Iná Tó Kọ̀ Tí Kò Kú

"Olè ni wọ́n. Wọ́n jí nǹkan nínú ọkọ̀ ọmọ mi."

Bí Lọ́yà ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí àlejò rẹ̀ rí àga fìdí lé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó nawọ́ sí gáréèjì. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, ọkọ̀ asáré dúdú, olílẹ̀kùn méjì, tí ara rẹ̀ ń dán bíi pé kò gbá igi rí láyé.

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀, Àǹtí Kí-ló-fà-á ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá títí irun rẹ̀ fi funfun. Ní báyìí, ọkọ̀ tí panẹbítà tún ṣe tó wá dìjà ló kù tó ń wádìí. Bí o bá sọ fún un pé òjò rọ̀, á bi ọ́ pé kí ló fà á.

"Kí ni wọ́n jí, sà?"

"Ṣé èmi ni kí n mọ̀ ni? Ẹ tan ọkọ̀, ẹ máa rí i."

Wọ́n gba inú pálọ̀ kọjá. Ìṣó kan wà lára ògiri tí kò sí fọ́tò lórí rẹ̀. Àǹtí wò ó bó ṣe ń kọjá.

Ìyàwó Lọ́yà ti wà nínú ọkọ̀ náà. Ó jókòó sí ìjókòó awakọ̀, lápá òsì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ibi tí ọmọ mi jókòó sí kẹ́yìn nìyí. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń wá jókòó sí i díẹ̀."

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àǹtí rọra nawọ́ kọjá lára rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Gbogbo iná iwájú sítíárìn tàn, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ẹyọ kan, àwòrán èèyàn kékeré tó jókòó, tí nǹkan róbótó wà níwájú àyà rẹ̀. Pupa. Kò kú.

"Iná báàgì nìyẹn," Àǹtí ní. "Báàgì tó máa ń wú jáde gba àyà èèyàn bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan."

"Ẹ ẹ̀ rí i bí!" Lọ́yà pariwo. "Wọ́n ní tuntun làwọn fi sí i. Bó bá jẹ́ tuntun, kí ni iná ń wá níbẹ̀? Ayédèrú ni. Mo ti fẹjọ́ panẹbítà yẹn sùn. Lọ́la lọ́sàn-án ni wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa, wọ́n á sì mú òun náà. Ẹ ṣáà bá mi wádìí ohun tí wọ́n jí. Ẹni tó bá ṣe èrú sí ọkọ̀ yìí, mi ò ní fojú àánú wò ó, bó jẹ́ ọmọ bíbí inú mi ni."

"Báwo ni ìjàǹbá yẹn ṣe ṣẹlẹ̀, sà?"

Ojú ọkùnrin náà le. "Eré. Eré àsápajúdé. Gíga ọmọ mi nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ó sá eré títí ó fi lọ gbá igi. Ẹnì kan tó ń kọjá ló pe ọlọ́pàá, kí wọ́n tó dé, onítọ̀hún ti lọ. Orí koríko ni wọ́n bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dà sí i nínú. Mo kìlọ̀ fún un! Ó fọwọ́ ara ẹ̀ pa ara ẹ̀, ó sì pa àwa náà mọ́ ọn."

"Bàbá Gíga, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kí ni mo sọ tí kì í ṣòótọ́?"

Ọmọbìnrin wọn gbé omi wá. Kékeré ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé orí rẹ̀ ò kọjá àyà ẹ̀gbọ́n, òun náà ló sì sọ ẹ̀gbọ́n ní Gíga. Ẹnu ọ̀nà gáréèjì ló dúró sí, kò wọlé. Apá ọ̀tún nìkan ló fi na omi sí àlejò. Apá òsì lẹ̀ mọ́ ara.

"Ṣé apá ń dùn ẹ́ ni?"

"Mo ṣubú ní balùwẹ̀, mà. Ó ti pẹ́."

"Òun nìkan ló kù fún wa báyìí," ìyá rẹ̀ sọ látinú ọkọ̀. Ó wá di ọwọ́ Àǹtí mú. "Ẹ bá mi wo bẹ́líìtì ọkọ̀ yìí náà, bóyá òun ni ò dáa. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí i nílé ìwòsàn, mo rí ipa bẹ́líìtì lára ẹ̀, látèjìká ọ̀tún wá sí ìbàdí òsì. Mo fọwọ́ pa á, mo fọwọ́ pa á, bíi pé ó máa lọ."

Àǹtí Kí-ló-fà-á wo sítíárìn tó wà lápá òsì, ó wo ìyá náà, ó sì gbójú kúrò.

*

Ọ̀gá panẹbítà ń fi òlù tún bọ́ńpà kan ṣe nígbà tó rí Àǹtí tó ń bọ̀. Ó gbé òlù sílẹ̀.

"Ẹ wá mú mi ni? Ẹ jẹ́ kí n wọ ṣòkòtò gidi ná. Ẹni tó bá máa lọ àgọ́ ọlọ́pàá kì í wọ èyí tó ti já nídìí."

"Ìbéèrè ni mo gbé wá."

"Ìyẹn ló tún wá le jù."

Ó ń ṣeré o, ṣùgbọ́n ó ń wo ẹ̀yìn Àǹtí bóyá ọlọ́pàá ń tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

"Báàgì tí ẹ fi sí ọkọ̀ Lọ́yà ńkọ́?"

"Tuntun, méjèèjì. Páálí wọn ló wà lókè yẹn, a ò tíì dà á nù."

"Méjèèjì ló bẹ́?"

"Irú ọkọ̀ yẹn, bó bá ti gbá nǹkan, méjèèjì ló ń bẹ́, èèyàn wà níbẹ̀ o, èèyàn ò sí níbẹ̀ o. Apá ọ̀tún ló tiẹ̀ fọ́ jù. Ilẹ̀kùn ọ̀tún run wómúwómú, a pààrọ̀ ẹ̀ ni."

"Bẹ́líìtì ńkọ́?"

"Ti awakọ̀, tuntun ni. Ti ẹnì kejì, a ò fọwọ́ kàn án. Kí la fẹ́ fọwọ́ kàn án ṣe? Ṣebí wọ́n ní ọmọ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀."

Ẹnì kan pòṣé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kejì. Rewáyà ni, ẹni tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Àǹtí yíjú sí i. "Ìwọ, jáde. Ìwọ lo so wáyà báàgì, àbí? Bó bá ṣe pé o so ó ní ìsọkúsọ, iná á tàn."

Rewáyà jáde, ó ń nu ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ máa rọra o, Àǹtí. Mi ò so nǹkan ní ìsọkúsọ rí. Mo fi kọ̀ǹpútà wo ọkọ̀ yẹn. Mo pa iná yẹn, ó tún tàn. Mo tún pa á, ó tún tàn. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wí, bẹ́líìtì ọ̀tún. Mo tú wáyà ẹ̀ wò, wáyà ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bi ọ̀gá, mo sọ fún wọn."

"Ṣé ó sọ fún yín, ọ̀gá?"

Ọ̀gá panẹbítà dorí kodò. "Ó sọ. Mo ní kọ̀ǹpútà máa ń purọ́ nígbà míì. Àbí kí ni kí n ṣe? Bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ dúró síwájú mi, ó ní ọmọ òun nìkan ni. Kí n wá bi í pé, 'Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?' Mi ò lè ṣe é, Àǹtí. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé nìyẹn o. Àánú ló fà á. Wọn ò jí nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ bu ọlá fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni.

"Ó ku ẹyọ kan," Àǹtí ní. "Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé, ta ló jókòó sídìí sítíárìn?"

"Èmi ni. Hùn! Mi ò tiẹ̀ lè wọlé. Orúnkún mi ń gbá sítíárìn. Wọ́n ti fa àga síwájú bíi ti ọmọ iléèwé. Àfìgbà tí mo tì í sẹ́yìn kí n tó ráyè. Mo ní bóyá gbígbá tó gbá igi ló sún un."

Àǹtí Kí-ló-fà-á ò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí kò bá béèrè nǹkan mọ́, ó ti rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó rí i, inú rẹ̀ bàjẹ́.

*

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó bá Àǹtí dé gáréèjì Lọ́yà, ó ti fa bẹ́líìtì ọ̀tún wò. Bẹ́líìtì rere, bí o bá fà á tí o jù ú sílẹ̀, á sáré padà. Eléyìí rọ̀ jọwọlọ, kò padà.

Ó bá Kékeré nílé ìdáná. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ kan fọ abọ́.

"Kékeré, lọ́sàn-án òní, ọlọ́pàá máa mú ọkùnrin kan tí kò jí nǹkan kan."

Ọmọbìnrin náà ń fọ abọ́ kan náà lọ.

"Balùwẹ̀ kọ́ ló ṣe apá yẹn."

Abọ́ bọ́ sínú omi.

"Mo lè sọ ọ́ fún wọn," Àǹtí ní. "Ṣùgbọ́n bí èmi bá sọ ọ́, ẹjọ́ ni. Bí ìwọ bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni."

"Bàbá máa lé mi, mà."

"Bóyá."

"Màmá máa kú."

"Màmá ẹ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ọmọ mi. Ìwọ náà ń rí i."

Kékeré nu ọwọ́, ó sì tẹ̀ lé e.

Lọ́yà ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà. "Ó yá," Lọ́yà ní. "Kí ni wọ́n jí?"

"Wọn ò jí nǹkan kan, sà. Ọkọ̀ yín ń sọ òótọ́ ni. Àwa la ò gbà á gbọ́." Ó yí kọ́kọ́rọ́ kí iná pupa náà tàn, ó fa bẹ́líìtì ọ̀tún jáde, ó jẹ́ kó so rọ̀. "Ẹ̀tù bíńtín kan wà nídìí eléyìí. Bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, ẹ̀tù yẹn á jó, á fa bẹ́líìtì le mọ́ èèyàn láyà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń jó, kò sì ní jó bí kò bá sẹ́ni tó de bẹ́líìtì náà. Ó ti jó. Ìdí tí iná ò fi kú nìyẹn. Ẹnì kan jókòó síbí lọ́jọ́ náà."

"Irọ́! Ọmọ mi nìkan ni."

"Ìyá rí ipa bẹ́líìtì lára ẹ̀, látèjìká ọ̀tún. Ẹni tó bá jókòó sí sítíárìn ọkọ̀ yìí, èjìká òsì ni bẹ́líìtì ti ń wá. Ti apá ibí yìí ló ń gba èjìká ọ̀tún. Àga awakọ̀ sì ti wà níwájú pátápátá nígbà tí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ panẹbítà. Ṣé Gíga lè ká ẹsẹ̀ ẹ̀ síbẹ̀? Gíga kọ́ ló wa ọkọ̀, sà. Ẹni tó wà á kúrú, èjìká òsì ẹ̀ ló sì ṣèṣe."

"Ta ni?"

Kékeré kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì.

"Èmi ni, Bàbá."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Àwọn tó ń pa òwe yẹn kì í sọ bó ṣe máa ń dun ilé tí òtítọ́ ọ̀hún bá bá a.

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wà á. Ó ní rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ń sọ pé kí n rọra, èmi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa rí igi yẹn..." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú. "Ẹ̀gbẹ́ tèmi ló gbà jáde, ilẹ̀kùn tiẹ̀ ò ṣí. Ó jókòó sórí koríko. Ó ní nǹkan kan ò ṣe òun. Ó ní, 'Máa lọ sílé. O ò ní láísẹ́ǹsì, Bàbá sì ti ní bó o bá fọwọ́ kan sítíárìn, kó o má pe òun ní bàbá mọ́. Màá ní èmi ni. Mo mọ bí mo ṣe ń pẹ̀tù sí Bàbá nínú.' Ó tiẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ò tó bíréèkì. Mo pe ọlọ́pàá, mo lọ. Bàbá, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ń kú."

Lọ́yà fara ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ní ó fọwọ́ ara ẹ̀ pa ara ẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mi ò tíì sunkún fún un. Látọjọ́ yẹn, òkú ni mò ń bá jà."

Ó ní kí Àǹtí bá òun pe ọlọ́pàá, kí wọ́n má lọ ti ṣọ́ọ̀bù náà pa mọ́, òun fúnra òun lòun máa lọ bẹ panẹbítà. Ó wá dìde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kékeré, ó dúró. Ó ní, "Dìde." Ó bọ́ sínú pálọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ọ níbẹ̀, ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Níbo ni mo gbé fọ́tò ẹ̀ sí? Níbo ni mo gbé e sí?"

Ìyá Gíga sọ̀ kalẹ̀ látìdí sítíárìn. Ó gba iwájú ọkọ̀ yí ká, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó jókòó. Ó fa bẹ́líìtì tó ti kú náà kọjá àyà, látèjìká ọ̀tún wá sí ìbàdí òsì.

"Ibí ló jókòó sí," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mò ń wá, ibi tí kò sí ni mò ń jókòó sí."

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Wọlé wá."

"Mi ò lè ṣe é, Màmá."

"Wá jókòó síbi tó o jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Sọ ohun tó sọ fún mi. Gbogbo ẹ̀, má fi ẹyọ kan pamọ́."

Kékeré wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó bíréèkì. Ó fa àga síwájú. Iná pupa náà ṣì ń tàn níwájú wọn, Àǹtí Kí-ló-fà-á sì gbé àpò ọwọ́ rẹ̀, ó jáde láì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

"Ó ní, 'Rọra, Kékeré,'" ni ọmọbìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì di bẹ́líìtì náà mú.