Ògìrì Tó Rọ̀ Tí Kò Jinná

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní àdúgbò wọn ní Ìsíkàn, l'Ákùúrẹ́, pé Adébùsóyè awakọ̀ takisí àti Adélaní tó múlé tì í kì í kí ara wọn. Ìjà gọ́tà ni. Láti ọjọ́ tí Adélaní ti darí omi ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Adébùsóyè ni ìyẹn ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú. Bó bá rí Adélaní lókèèrè, a wo ojú ọ̀run. Bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, a pa ilẹ̀kùn dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Adébùsóyè ń fọ mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Wúrà, ìyàwó Adélaní, figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá Monílọ́lá ń kú lọ!"

Adébùsóyè ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó sáré wọ ilé wọn. Ó bá Adélaní lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ti ń bì, ó ti ń ṣunú, ìgbẹ́ náà sì ti di ẹ̀jẹ̀. Akíntúndé, àbúrò rẹ̀, gbé ife epo pupa dání, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu.

"Gbé epo yẹn sílẹ̀," ni Adébùsóyè wí. "Ẹni tí kò lókun láti gbórí, o fẹ́ rọ epo sí i lọ́fun? Kó pá a lórí kó sì pa á?"

Akíntúndé yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá a jà ládùúgbò yìí bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fún un jẹ!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Adébùsóyè lákínyẹmí ara.

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ," ó ní. "Mi ò sì tíì dárí jì í. Àmọ́ kò ní kú kí ẹ wá gbé òkú rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn. Dì í lẹ́sẹ̀ mú, ká gbé e sí mọ́tò."

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Arákàlẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá l'Óǹdó, ọ̀rọ̀ náà ju agbára àwọn lọ. Wúrà àti Akíntúndé jókòó ti Adélaní lẹ́yìn, Adébùsóyè kọjú mọ́tò sí ọ̀nà Oǹdó, ó ń tẹ fèrè bí ẹni tí ń lé ẹyẹ lóko.

"Ìyá Monílọ́lá, kí ló jẹ lálẹ́ àná?" ni Adébùsóyè bi Wúrà.

"Iṣu sísun ni."

"Kí ló fi jẹ ẹ́?"

"Epo."

"Epo nìkan?"

Wúrà fọwọ́ di ìdí ìró rẹ̀ mú. Gbogbo Ìsíkàn ló mọ̀ pé ògìrì èso lárà ló ń ṣe tà. Wọ́n sì mọ̀ pé Adélaní a máa po ògìrì tí kò tíì kan iná ọbẹ̀ mọ́ epo, a fi jẹ iṣu.

"Ẹ yọwọ́ ògìrì mi kúrò níbẹ̀ o. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́ kú rí."

"Ṣé bí ìyá yín ṣe ń sè é náà ni ẹ ṣe se èyí?"

"Alágídí ni yín!"

"Mo mọ̀. Ẹ máa bú mi títí dé Oǹdó, màá ṣì máa bèèrè."

Adélaní kérora lẹ́yìn mọ́tò. Ìgbà náà ni Wúrà bú sẹ́kún.

"Èédú ló wọ́n jù! Tẹ́lẹ̀, láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì ni mo fi ń sè é. Lọ́tẹ̀ yìí mo da kán-ún sí i, ó sì rọ̀ kíá, ni mo bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rọ̀ o, Bàbá Ayọ̀kúnlé! Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀!"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà," ni Adébùsóyè wí.

"Ta ni yóò tún ra ògìrì lọ́wọ́ mi?"

"Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ta ni yóò máa jẹ́ ọkọ yín?"

Nígbà tí wọ́n dé Oǹdó, Wúrà sọ ọ́. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ ògìrì tó kù, tó ti fẹ́ jù sígbó lójú ọ̀nà, ó kó o lé Dókítà Ayọ̀bámi lọ́wọ́.

Dókítà po díẹ̀ mọ́ omi, ó kán an sórí pèlébé kékeré kan tó jọ èyí tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò. Ìlà méjì yọ.

"Májèlé lárà ni, màmá. Àwọn olùwádìí ló fún wa ní èyí láti dán wò, kò tíì kárí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, tó máa ń di kòkòrò àìsàn mú? Irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, tó dá májèlé lárà mọ̀, ni wọ́n tò sórí pèlébé yìí. Bí májèlé bá kọjá, wọ́n á dì í mú, ìlà á yọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀ṣọ́ yẹn mu," ni Akíntúndé wí.

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe. Ẹ̀ṣọ́ náà á rọ̀ mọ́ májèlé kó má lè ṣọṣẹ́. Àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣèwádìí rẹ̀, kò tíì dé ọsibítù. Bó bá tilẹ̀ dé, májèlé tó bá ti wọ ara tán, apá rẹ̀ kò ní ká a mọ́. Omi àti ìtọ́jú la máa fi bá a jà. Ohun tí màmá sọ ti jẹ́ ká mọ ohun tí a ń bá jà, a ò ní máa wo ibà tàbí onígbáméjì."

Wọ́n bá a jà lóòótọ́. Adébùsóyè kò kúrò ní ọsibítù títí Adélaní fi lajú tó bèèrè omi.

"Ẹ má bínú sí mi, sà," ni Akíntúndé wí.

"Màá bínú. Lọ bá a bu omi ná."

Wúrà padà sí Ìsíkàn. Ilé dé ilé ló gba ògìrì náà padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan bú u. Ó gbẹ́lẹ̀ jìn, ó sì bò ó mọ́lẹ̀, kí adìẹ tàbí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ gbọ́. Májèlé tó lágbára wà nínú èso lárà. Ẹ má ṣe gé sísè rẹ̀ kúrú. Kán-ún lè mú un rọ̀, àmọ́ iná tó pẹ́ ló ń pa májèlé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi èso lárà ṣeré, tàbí ojú ológbò, èso pupa olójú dúdú tí òun náà ní májèlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ èso náà tàbí ògìrì rẹ̀ tí kò jinná, ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Ẹ má dúró dìgbà tí inú bá ń run ún. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú èyí tó ṣẹ́kù dání. Ẹ sọ ohun tó jẹ àti bí ẹ ṣe sè é, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín. Ògìrì tí a dà nù, a lè se òmíràn.