Adènà Tí Torben Ṣí Nípò

Ní ìlú Berlin, Torben Kessler kì í kọrin, kì í sì í lu ìlù. Kọ̀ǹpútà ni ohun èlò rẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ni yóò gbà wọ inú rẹ̀, tí yóò sì mú un la àwọn àpótí kéékèèké kan kọjá lójú kọ̀ǹpútà náà. Àpótí kan ń sọ ohùn kan di ọ̀pọ̀, òmíràn ń mú un ha, òmíràn ń jẹ́ kí ó dún bí ẹni pé inú kàtídírà òfìfo ni a ti ń kọrin.

Bí a bá ṣe tò wọ́n ni orin yóò ṣe rí. Àwọn olórin yòókù a máa tò wọ́n nílé kí wọ́n tó jáde. Torben kọ̀. Níṣojú èrò, bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, ni yóò máa fi ìka fa eléyìí síwájú, tí yóò ti tọ̀hún sẹ́yìn, ohùn a sì máa yí padà bí ìkùukùu ti ń yí padà lórí odò Spree. Èrò a hó yèè. Ìgbéraga sì wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀wù.

Àpótí kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Ìkẹyìn ni ó máa ń wà. Adènà ni: kì í jẹ́ kí ìró tí ó ju agbára etí lọ kọjá.

Henrike Vogt ni akọrin tí ó ń bá Torben ṣiṣẹ́. Ó máa ń ki ẹ̀rọ bọ etí òsì rẹ̀ kí ó lè gbọ́ ara rẹ̀, ohùn tí ó bá sì ti inú kọ̀ǹpútà jáde, etí náà ni yóò wọ̀ tààrà.

"Torben, mo bẹ̀ ọ́," ó wí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ti ń mu kọfí lẹ́yìn gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Neukölln. "Fa gbogbo èyí tó bá wù ọ́. Má fọwọ́ kan adènà. Etí ni mo fi ń jẹun."

Torben rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti ìbẹ̀rù! O dà bí ìyá àgbà tó ń wọ ẹ̀wù òtútù nínú oṣù keje."

"Pè mí ní ìyá àgbà, àmọ́ má fọwọ́ kàn án."

Detlev, àgbàlagbà tí ó ń tọ́jú àwọn sípíkà gbọ̀ngàn náà, dá sí i. "Gbọ́ tẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

"Baba, ẹ máa wo iná ẹ̀rọ tiyín," Torben dáhùn. "Ẹ fi orin sílẹ̀ fún olórin."

Nígbà tí ó di alẹ́, gbọ̀ngàn kún. Láàárín orin kẹta, Torben rí i pé àwọn kan ti ń wo fóònù wọn. Inú bí i. Ó fa adènà kúrò ní ìkẹyìn, ó tì í síwájú àpótí tí ń sọ ohùn di ọ̀pọ̀. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ohùn, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró lẹ́yìn ibẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ariwo kan bẹ́ bí irin tí ń fà ya. Henrike já ẹ̀rọ náà yọ létí, ó sì ṣubú.

Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di òní.

Bí wọ́n ti ń gbé e jáde, Torben dá adènà padà sí àyè rẹ̀, ó sì ti ètò orin náà pa lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n: bí o bá ti tì í pa, ìrántí gbogbo ìgbésẹ̀ tí o gbé ti parẹ́. Nígbà tí ọ̀gá gbọ̀ngàn dé, Torben tún un ṣí, ó sì fi hàn án.

"Ẹ wò ó, ọ̀gá, adènà mi wà níbi tó yẹ. Ẹ bi àgbàlagbà tó wà nídìí sípíkà."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lé Detlev. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti lò níbẹ̀.

Wọ́n ṣì ń pe Torben káàkiri, ṣùgbọ́n ọtí ni ó ń mu kí ó tó lè jáde síwájú èrò. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin kan, yóò wo àpótí ìkẹyìn náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó wà níbẹ̀. Àlàáfíà ni kò sí.

Nínú oṣù kọkànlá, ó lọ wá wáyà ní ọjà àlòkù tí wọ́n ń pàtẹ ní Mauerpark. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo èyí tí a tò sórí aṣọ kan nílẹ̀. Nígbà tí ó gbójú sókè, Detlev ni ó rí, tí ó ń ta irin iṣẹ́ rẹ̀.

"Wáyà yẹn dáa," Detlev wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi jó o pọ̀."

Torben mú wáyà náà, ó tún fi í sílẹ̀.

"Ìka rẹ ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn. Iná tó ń fi ohùn kọ̀ǹpútà rẹ hàn ló kọ́kọ́ pọ́n lójú ẹ̀rọ mi. Mo sọ fún wọn. Ta ló máa gba tèmi gbọ́ kó fi tìrẹ sílẹ̀?"

"Ẹ bú mi, Baba."

"Mo ti bú ọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi bú ọ, èébú náà sì ń jẹ mí nínú, kí n tó gbé e fún Jésù. Tó bá jẹ́ tọwọ́ mi ni, wáyà yìí ni ǹ bá fi nà ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò. "O ti kọ̀ǹpútà pa, o rò pé ó ti parẹ́. Lójú ta ni? Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè pa á rẹ́, Torben, kì í sì í pa èyí tí èèyàn bá ń fi pamọ́ rẹ́."

Torben kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, lójú àwọn tí ń jẹ sọ́séèjì tí wọ́n sì ń wò ó bí ọ̀mùtí. "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe Detlev. Èmi ni. Ṣàánú mi." Àdúrà rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó lọ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá gbọ̀ngàn. Ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ Detlev. Lẹ́yìn náà ni ó kan ilẹ̀kùn Henrike.

"Henrike, èmi ni mo ṣí adènà nípò. Mo purọ́."

"Bọ́ sí apá ọ̀tún. Mi ò gbọ́ ọ."

Ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ó tún un wí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí nira ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Mo ti mọ̀," ó dáhùn. "Mo kàn ń retí kí o wí i ni. Ọlọ́run lè ti dárí jì ọ́. Èmi ò tíì lè ṣe é." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Torben jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sọkún. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan lábẹ́ ọ̀run mọ́ tí ó ń bẹ̀rù pé yóò tú àṣírí òun. Olúwa ti mọ̀, ó sì ti gbà á.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi tí o ń ka ìwé yìí? Ta ni ó ń ru ẹ̀bi rẹ kiri lónìí? Mi ò ní tàn ọ́: ìrònúpìwàdà kò la etí Henrike, kò sì dá iṣẹ́ Detlev padà. Gbogbo ọjọ́ tí Torben fi fà sẹ́yìn, ẹlòmíràn ni ó ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù kò lé e padà, kò sì ní lé ìwọ náà. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un bí ó ti rí gan-an, níbi tí o wà yìí. Kí o sì dìde lónìí, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà láàyè láti ṣílẹ̀kùn fún ọ.