Ikọ́ Ọ̀sán Gangan ní Àgọ́-Aláyè

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má pè é ní àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní Àgọ́-Aláyè, létí oko kòkó, ife omi kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ayé ológun ni, ọdún tí a ń tò nítorí agolo mílíìkì kan. Olúbáyọ̀, ọkọ Àìná, ń bá wọn la pákó ní Orè; ọjọ́ Sátidé nìkan ló ń wálé. Ìyókù ọ̀sẹ̀, Àìná ló ń dá gbé ilé pẹ̀lú Ìgbẹ́kẹ̀lé, ìkókó rẹ̀. Ìyìn, àkọ́bí rẹ̀, ti kú lọ́mọ ọdún méjì. Ikọ́ àwúbì ló pa á, èyí tí ọmọ á wú títí, tí yóò wá fa èémí gígùn kan bí àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ikọ́ náà ti ń wá. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo èèyàn á ti lọ sóko. Adìyẹ á dákẹ́. Nígbà náà, lábẹ́ fèrèsé, ikọ́ mẹ́rin, márùn-ún, lẹ́yìn náà èémí gígùn yẹn.

Bí Àìná bá yọjú, kò sí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ìyá mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé ife omi sẹ́nu ọ̀nà, bó ti máa ń fún Ìyìn lómi lẹ́yìn ikọ́. Nírọ̀lẹ́, ife á ti gbẹ.

Jàmíátù, aládùúgbò rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ gba oko ro, rí ife náà.

“Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ta lẹ bu omi fún?”

“Adìyẹ.”

“Adìyẹ yín ti lajú o, ó ń fi ife mumi.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán lójú rẹ̀. “Mo gbọ́ ikọ́ ọmọdé níbí lánàá. Ẹ gbé ìkókó yìí lọ gba abẹ́rẹ́.”

Ní ilé ìwòsàn Orè, Nọ́ọ̀sì Hannah yọ ìgò kékeré kan nínú kúlà. Omi orí rẹ̀ tòrò, nǹkan funfun dì sísàlẹ̀ bí ògì. Ó mì ín.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Kòkòrò tó ń fa ikọ́ ni. Wọ́n ti pa á. Òkú rẹ̀ la fẹ́ fi han àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Wọ́n á mọ ojú rẹ̀. Bí alààyè rẹ̀ bá dé, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé.”

“Ẹ̀ẹ̀kan náà ni?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ojú tí a rí lẹ́ẹ̀kan, a lè gbàgbé.”

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ikọ́ náà kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ìdí igi orógbó ló ti ń wá. Lẹ́yìn èkejì, ó di ẹnu ọ̀nà oko, ó jìn, bí ohùn ọmọ tí wọ́n lé. Omi ife ò dín ju ìdajì lọ mọ́. Lójoojúmọ́, bó bá ti dọ̀sán, Ìgbẹ́kẹ̀lé á yí ọrùn síbẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún. Á kàn máa wò.

Ó wá yé Àìná. Abẹ́rẹ́ kan ló kù. Bí Ìgbẹ́kẹ̀lé bá gbà á, òun ò ní gbọ́ Ìyìn mọ́ láéláé.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Kò lọ. Jàmíátù wá sọ pé ikọ́ ti mú ọmọ mẹ́ta ní Aráròmí-Obù. Síbẹ̀, kò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, Ìgbẹ́kẹ̀lé wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, gbígbẹ. Àìná dìde, ó fún ọ̀já le, ó gba ọ̀nà Orè.

Nígbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹta, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù ní oríta oko. Ọ̀sán gangan. Ọmọ yí ọrùn lẹ́yìn rẹ̀. Àìná dúró. Kò gbọ́ ikọ́. Ẹsẹ̀ kékeré ló gbọ́ lórí ewé kòkó gbígbẹ, ó ń lọ.

“Ìyìn,” ó ní. “Rọra o.”

Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tún ń lọ.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ò wúkọ́ mọ́. Ó dàgbà, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Àìná ṣì ń gbé ife sẹ́nu ọ̀nà, ìrọ̀lẹ́ á dé, omi á pé síbẹ̀, á dà á nù. Lọ́jọ́ kan, ó bá Ìgbẹ́kẹ̀lé lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án, tó dúró, tó na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà.

“Ta lò ń wò?”

“Ọmọ yẹn ni, màámi. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo ní kó má wọlé.”

Àìná wo ife. Ó kún dé ẹnu.