Ìrèké Tí Eèrà Kò Bá Ṣọ̀rẹ́

“Màmá, àwọn kòkòrò ibí yìí dà?”

Títófúnmi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mọ́kànlá tó wá ṣàbẹ̀wò sí ilé-ọ̀gbìn kan wo ara wọn lójú. Ìrèké tò lọ rẹrẹ níwájú wọn, ṣùgbọ́n eèrà ò sí nídìí ẹ̀, eṣinṣin ò sí lórí ẹ̀. Ta ló rí irú ìyẹn rí? Dókítà Ṣeyẹfúnmi tó ń mú wọn kiri, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òtútù níbẹ̀, kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ayé ti dayé ẹ̀rọ nígbà náà. Ọkọ̀ agéfúùfù ló gbé wọn láti Òkè-Ìmọ́lẹ̀, ìlú wọn, dé apá àríwá ayé kí ẹ̀wà tó jinná, sí ilẹ̀ tí òòrùn kì í wọ̀ rárá nínú oṣù yẹn. Ilé-ọ̀gbìn náà ga tó ogójì àjà, oko sì ni àjà kọ̀ọ̀kan: òòrùn àtọwọ́dá rọ̀ sókè, apá-irin ń roko nísàlẹ̀. Bí ìrèké àjà kẹtàdínlógún bá tẹ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ́rùn, wọn yóò tẹ̀ka sí ìwé, wọn yóò sì gbìn ín sétí ọ̀nà odò nílé.

Ebi ti ń pa ọmọ náà. Ìyá rẹ̀, Ìbídùnní, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, ṣẹ́ ìrèké kan, ó fi eyín bó o, ó gbé e fún un. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílùú wọn, ẹni ebi ń pa lè jẹ nínú oko olóko, kó ṣáà má ti gbé e relé. Àfi bí ètè ìyá fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ja ìrèké náà gbà lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n Títófúnmi ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ojú-ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ oko han gooro. Dókítà sáré dé.

“Ta ló jẹ ẹ́?”

“Háà, Dókítà!” Bàbá Ọlátẹ́jú, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Nítorí ìrèké kan ṣoṣo? Oko àna mi ni mo ti ń ṣẹ́ ju èyí lọ!”

“Bàbá, kì í ṣe jíjẹ. Oògùn ni.”

Ó ṣàlàyé fún wọn. Oògùn tí wọ́n fi ń kun ènìyàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni wọ́n dá mọ́ ìrèké náà láti inú irúgbìn. Bí ọmọ náà bá sùn kí oògùn tó kúrò lára rẹ̀, èémí rẹ̀ lè gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni oògùn náà máa ń lò lára.

“Kò ní ẹ̀rọ̀ ni?” Ìbídùnní bi í.

“Ti àgbà wà. A ò tíì ṣe tọmọdé.”

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé àlejò. Ìbídùnní na ọwọ́ sí ọ̀já, Dókítà dì í mú. “Ẹ má pọ̀n ọ́n, Ìyá. Ẹ̀yìn yín ni yóò ti kọ́kọ́ sùn.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jó, wọ́n fi omi tútù nù ún lójú. Bàbá Ọlátẹ́jú rákò bí ewúrẹ́ yí yàrá ká tòun ti agbádá. Ọmọ náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rín mọ́. Ìbídùnní já a léèékánná lápá.

“Màmá, kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan, ọkọ mi. Ṣáà lajú.” Ó tún já a léèékánná, omijé sì ń bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀.

Ní wákàtí kẹfà, ọrùn ọmọ náà ti ń yẹ̀. Bàbá Ọlátẹ́jú yíjú sí Dókítà, ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀.

“Ọmọ yìí béèrè ọ̀rọ̀ kan lójú yín lóko. Kòkòrò dà?”

“Wọ́n máa ń sùn sídìí ìrèké, wọn kì í jí. Apá-irin ń gbá wọn dànù.”

“Ènìyàn ńkọ́?”

Dókítà wo ilẹ̀. “Ọmọ mẹ́ta. Níbi tí a kọ́kọ́ gbìn ín sí ìta gbangba, ní ìlú kan létí òkun. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ni.”

“Kí lorúkọ wọn?” Ìbídùnní béèrè, kò gbójú kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Kò mọ̀ ọ́n.

“Bàbá, ẹ gbọ́ tèmi,” ni Dókítà wí. “Ìrèké yìí ni kò jẹ́ kí ìyá mi jẹ̀rora lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi tiẹ̀ ló wà. Ẹ lè fi ọgbà yí i ká.”

“Ọgbà wo? Nílùú wa, ahun ló ń dínà oko mọ́ ẹni ebi ń pa. Ẹ wá lọ́nà odò, kẹ́ ẹ wo iye ọmọ tó ń gbabẹ̀ lọ sílé ìwé! A ò ní tẹ̀ka.”

Dókítà kúnlẹ̀. Ó gbé awò-èémí sí imú ọmọ náà, gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó ń pọ́n níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá ṣì wà lára. Wákàtí keje kọjá. Títófúnmi ò sunkún mọ́. Ojú rẹ̀ kàn ń yí lọ sókè, wọ́n ń pè é padà. Ìgbà tó yá, gíláàsì náà funfun.

“Ẹ jẹ́ kó sùn.”

“Ẹ tún un wò,” ni Ìbídùnní wí.

Ó tún un wò. Funfun.

“Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìgbà kẹta ni Ìbídùnní tó gbà. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó so ọ̀já le dan-in.

Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Màá wá orúkọ àwọn mẹ́ta yẹn jáde, Ìyá. Màá sì kéde wọn.”

“Wọn yóò lé yín níbi iṣẹ́.”

“Mo mọ̀.”

Òòrùn ṣì ràn gan-an lójú fèrèsé. Bàbá Ọlátẹ́jú ti sùn lórí àga, ó ń hanrun tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Àwọn yòókù sùn lórí ẹní níbi tí wọ́n jókòó sí. Ìbídùnní fara ti ògiri, ó ń ka èémí tó ń fẹ́ sí i lọ́rùn látẹ̀yìn. Ó ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó ń kà á lọ. Nígbà tó dé bíi ọgọ́ta, kò mọ èyí tó kàn mọ́, oorun sì gbé òun náà lọ.