Òwú Tí Alamelu Fi Wọn Ọwọ́

Inú òjò ni ìròyìn náà wọ ìlú Thammampatti. Velappan jókòó sábẹ́ òrùlé imọ̀ àgbọn tí kò ní ògiri, ó ń gbẹ́ ọwọ́jà Pillaiyar, òrìṣà olórí erin, nígbà tí ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Attur. Afẹ́fẹ́ ti yí agboorùn rẹ̀ sódì. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó mú èkejì lọ́wọ́ nítorí okùn rẹ̀ ti já. Síbẹ̀, ó ń la ẹrẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Kò sí òdòdó kankan nínú irun rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ohun tí Velappan kọ́kọ́ rí nìyẹn, àyà rẹ̀ sì já.

"Ẹ káàsán o." Ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ẹ̀yin ni Velappan agbẹ́gilére, àbí ẹ̀yin ni olè tó wá jà á?"

Velappan fa aṣọ tútù tó so mọ́ imú rẹ̀ wálẹ̀ sí ọrùn. "Èmi náà ni. Torí eruku igi ni mo ṣe ń bo imú. Ìyá àgbà kan ní Attur ló pa á láṣẹ fún mi, àwọn náà ló fún mi láṣọ ọ̀hún."

Ọmọbìnrin náà wo aṣọ ọ̀hún dáadáa. Aṣọ aláwọ̀ aró ni, wọ́n ya odídẹrẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ara ṣárì tí wọ́n máa ń ró nìyẹn. Sengamalam ni mí, ọmọ ọmọ wọn. Ìyá Àgbà Alamelu ti lọ. Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni. Wọ́n ní tí àwọn bá ti lọ, kí n má rán ẹnikẹ́ni, kí èmi fúnra mi wá sọ fún yín."

Velappan fún un ní àpótí ìjókòó rẹ̀, òun sì jókòó sórí gẹdú. Ọmọbìnrin náà sunkún, ìró òjò bo ẹkún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Velappan kọjú sí ère ọwọ́ rẹ̀ kí ó lè sun ún tẹ́rùn.

Nígbà tó yá, ó nu ojú. "Kí ló dé tí ère yìí kò lójú?"

"Ojú la máa ń là kẹ́yìn. Bí a bá ti là á, kì í ṣe igi mọ́. Ìyá àgbà yín ní kí n má là á títí ẹni tó ni ín yóò fi dé."

"Ta ló ni ín?"

"Àwọn fúnra wọn ni mo rò. Òwú wọn ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Ó ṣí agolo kan, ó fa òwú pupa bí ìyeyè kan yọ, kókó wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ère òrìṣà inú ilé kì í ga ju ọwọ́ ẹni tó ni ín lọ, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín bí ọwọ́ bá là gbalaja. Alamelu ló mú òwú náà wá. Kò sì sí ẹni tí ère náà yóò kọ́kọ́ lajú rí báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Sengamalam padà wá. Ó ní òun gbàgbé agboorùn òun. Agboorùn yìí ti ya kọjá àtúnṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún dé, ó ní agboorùn tí òun mú lọ kọ́ ni tòun.

Kuppammal, ìyá Velappan, ń pa ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ yìí," ó ní, "agboorùn mélòó lẹ ní nílé yín ná?"

"Ó pọ̀ díẹ̀, mà."

"Ó dáa. Òjò ṣì pọ̀ lókè."

Báyìí ni ọjọ́ Àbámẹ́ta di tiwọn. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ni Sengamalam ń kọ́ ní Attur, ìtàn wọn kò sì tán lẹ́nu rẹ̀: èyí tó jẹ ẹfun ìkọ̀wé, èyí tó ní ìyàwó òun ni olùkọ́. Velappan kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń gbẹ́ igi àyúnrẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ olódídẹrẹ́. Ó gbẹ́ ikùn bẹ̀ǹbẹ̀ òrìṣà náà tán, ó gbẹ́ eku tí òrìṣà náà máa ń gùn tán, ó dán an títí tó fi dà bí èso tó pọ́n. Ojú nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kan, Sengamalam gbójú sókè. "Kí lẹ ń wò?"

"Imú rẹ."

"Kí ló ṣe imú mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Yóò nira láti gbẹ́ ni."

"Velappan, ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìyẹn?"

Etí Velappan pọ́n. "Igi ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe mọ ọ́n sọ mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mi, n kò ní jẹ́ kí ó sú ọ láyé."

Sengamalam rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìka nu eruku igi kúrò ní ìpéǹpéjú Velappan. "Lọ bá bàbá mi sọ ọ́," ó ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀. "Àmọ́ jọ̀ọ́, má mẹ́nu ba imú."

Akọ̀wé ni Ponnurangam, bàbá rẹ̀, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Attur. Ó gba àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ Velappan, ó fi tọ̀yàyàtọ̀yàyà ní kí ó jókòó.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Agbẹ́gilére ni mí, sà."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti di olóògbé, sà. Agbẹ́gilére lòun náà."

"Kí ló pa á?"

Velappan ìbá purọ́. Ó wo ilẹ̀. "Ikọ́ ni, sà."

Ponnurangam bọ́ awò ojú rẹ̀. "Òun ló pa bàbá tèmi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Inú yàrá tó há gádígádí ló ti ń gbẹ́gi, gbogbo eruku rẹ̀ sì ni ó fà símú. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń gbé etí lé e lẹ́yìn. Ìró tó wà níbẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá ń fa ayùn nínú igi tútù. Ọmọ dáadáa ni ọ́, o ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ọmọ mi fún ikọ́ bí wọ́n ṣe fi ìyá mi fún un."

Velappan náà mọ ìró ayùn yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde. Sengamalam dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì ọjọ́ Àbámẹ́ta ń dé láìsí Sengamalam nínú rẹ̀. Lẹ́tà pàápàá kò ṣeé kọ, nítorí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà Attur ń gbà kọjá. Kuppammal kò yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó kàn ń bu ìrẹsì rẹ̀ kún sí i ni, ó sì ń kó o kúrò nílẹ̀ bí ó ṣe gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni káàdì ìfìwéránṣẹ́ kan dé, tí kò ní àpò ìwé tó bò ó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Sí Pillaiyar, lọ́dọ̀ Velappan. Ṣé ojú rẹ kò tíì là? Èmi ṣì ń dúró." Velappan kà á títí ó fi há sórí. Ọjọ́ kẹta ni ó tó kíyè sí òǹtẹ̀ ara rẹ̀. Òǹtẹ̀ Attur ni. Bàbá Sengamalam fúnra rẹ̀ ló lù ú, kò sì sọ ọ́ nù.

Ọdún yí po. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Ponnurangam sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Sengamalam gbé agbọ̀n tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà ti rù díẹ̀. Velappan dìde, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìrántí ọdún kan ìyá mi ku ọ̀la," ni Ponnurangam wí. "Mo wá gbé ère wọn. Wá là á lójú nílé mi, kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀."

Kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Velappan gbé ère náà fún un ní etí òrùlé, níbi tí ó dúró sí láìwọlé. Ponnurangam gbà á, ó la ọwọ́ sí i lára, ó sì yọjú síta láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Ó kéré."

"Sà?"

"Ọwọ́ ìyá mi ni mo jogún, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ọwọ́ ńlá. Ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì wọn kan ti yó ọmọ. Wò ó, ìka méjì ni ọwọ́ mi fi kọjá rẹ̀. O ti ba iṣẹ́ ìyá mi jẹ́, ọmọkùnrin yìí. Ère tí kò bá ọwọ́ mu kò ṣeé là lójú."

Ara Velappan tutù. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ṣì í, ìtìjú náà yóò bá a dé isà, okùn kan ṣoṣo tó so òun mọ́ ilé yẹn sì ti já. Ó ṣí agolo, ó fa òwú náà yọ. Ó fi kókó kan sí ẹsẹ̀ ère, ó na òwú lọ sókè. Kókó kejì bọ́ sí góńgó adé rẹ̀ géérégé.

Ponnurangam wo òwú, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ ta wá nìyí?"

Kuppammal gbé abọ́ ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ," ó sọ fún Sengamalam, "na ọwọ́ rẹ wá."

Sengamalam sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó la ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan ẹsẹ̀ òrìṣà náà, ọmọńdinrín rẹ̀ kan adé. Kò lé, kò dín.

"Nígbà tí ibà ṣe mí," ni ó wí jẹ́jẹ́, "Ìyá Àgbà la ọwọ́ mi, wọ́n sì na òwú kan lé e. Mo rò pé oògùn ni."

"Ìyá mi kì í ṣi òwú wọ̀n," ni Ponnurangam wí. "Ọmọ agbẹ́gilére ni wọ́n, ìyàwó agbẹ́gilére ni wọ́n. Ọwọ́ ẹni tí yóò máa tan iná fún òrìṣà la máa ń wọ̀n. Ilé tí ọmọ yìí yóò lọ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún." Ó wo Sengamalam. "Àmọ́ ilé wo?"

"Ẹ ń bi mí?" ni Kuppammal dá a lóhùn. "Odindi ògiri mẹ́ta ni ìyá yín ní ká wó níhìn-ín kí wọ́n tó gbéṣẹ́ fún ọmọ mi! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wá wò ó bóyá a ti wó o. Mo ní, 'Ìyá yìí, ṣé ère lẹ wá rà ni, àbí ilé wa?' Wọ́n ní kí n máa wó o lọ. Ìgbà tí wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ya ṣárì wọn, wọ́n so ó mọ́ ọn nímú."

Ìgbà náà ni Ponnurangam rí aṣọ tó wà lọ́rùn Velappan. Ó ti ṣá, ṣùgbọ́n àwọn odídẹrẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n pẹ́.

"Yí ẹ̀yìn sí mi," ni ó wí.

Velappan yí ẹ̀yìn. Akọ̀wé náà bọ́ awò rẹ̀, ó gbé etí lé e lẹ́yìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé.

"Mí."

Ó mí.

"Mí dáadáa. Tún mí."

Sengamalam di etí agbọ̀n mú. Òjò ń kán láti ara imọ̀ àgbọn. Ponnurangam kò gbé etí kúrò, ó pẹ́ débi pé Velappan rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀wù òun ń tutù, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Kò sí ayùn," ni bàbá náà wí níkẹyìn. "Kò sí ayùn níbẹ̀ rárá. Ọkàn nìkan ni mo gbọ́, ó ń sáré bí ẹni tó sọ ewúrẹ́ nù."

"Ẹ jẹ́ kó máa sáré lọ, bàbá," ni Kuppammal wí. "Ẹ wá mu kọfí."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Sengamalam pẹ̀lú ẹkún. Ara gbogbo wọn wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Oṣù Thai, nígbà tí ìrẹsì tuntun wọlé, ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Velappan la ère náà lójú. Inú dígí ni ó ń wò bí ó ti ń gbẹ́ ẹ, kí ojú òrìṣà má baà kọ́kọ́ bọ́ sára agbẹ́gilére. Àwo ìrẹsì tuntun ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, Sengamalam sì jókòó lẹ́yìn àwo náà, òdòdó kún irun rẹ̀.

"Kí ló rí?" ni ó bi í.

"Imú kan tó nira láti gbẹ́."

"Ọkọ mi, mo ní kí o má mẹ́nu bà á!" Ó sì tan iná fún òrìṣà náà, pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ pé, Ponnurangam bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ dé, ó di nǹkan kan sínú ìwé ìròyìn. Ìyókù ṣárì Alamelu ni. Aṣọ tó wà lọ́rùn Velappan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán. Sengamalam mú àlùmọ́gàjí, ó gé etí olódídẹrẹ́ náà bí ó ti fẹ̀ tó, ó rì í sínú omi, ó fún omi rẹ̀ dà nù. Ó fẹ́ so ó mọ́ ọkọ rẹ̀ nímú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ na ọwọ́.

Ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ponnurangam wọlé sábẹ́ òrùlé agbẹ́gilére, ibi tí kò ti fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ jáde. Ó lọ sẹ́yìn Velappan, ó fi aṣọ tútù náà bo imú rẹ̀, ó sì ta kókó méjì.