Orúkọ Mọ́kànlélógójì Tí Wọ́n Fagi Lé

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: èmi Gunda Tveit ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ Borghild Aasen jẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀, kì í ṣe àwọn ọkùnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni.

Ọdún 1954 ni, nígbà tí yìnyín ń yọ́, tí gbogbo ọ̀nà ìlú wa, Vik Lake, ti di ẹrẹ̀. Àwa obìnrin ìjọ wà ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, à ń rán aṣọ ìbora, à ń mu kọfí, bí a ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Tíṣà ni Borghild tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó lọ́kọ ni wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Nígbà tó yá, omi gbé afárá wa lọ, ọdún mẹ́ta gbáko làwọn ọmọ ò fi lè lọ sílé ìwé tí yìnyín bá ti ń yọ́. Borghild lọ bá àwọn aláṣẹ, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

"Ó dáa," ló wí. "Màá lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin."

Obìnrin kankan ò tíì ti agbègbè wa lọ síbẹ̀ rí. Kí orúkọ ẹ̀ tó lè wọ ìwé ìdìbò, àádọ́jọ olùdìbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé àwọn fẹ́ ẹ, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kó tó di aago márùn-ún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi ló gbé ìwé náà fún.

Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí. Hazel Moen gba bírò.

"Ṣé kí n kọ ti Orville náà sí i? Ó wà lóko."

"Kọ ọ́ jàre. Ta ló fẹ́ rin ẹrẹ̀ torí orúkọ lásán?"

"Bàbá ọkọ mi ńkọ́?"

"Kọ ọ́! Ṣebí ilé kan náà ni yín?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nǹkan. Tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní ká mú oúnjẹ wá, ẹnì kan ló ń gbé àwo wá fún gbogbo ilé. Tí obìnrin bá sì máa kọ orúkọ, "Ìyáàfin Orville Moen" ló máa kọ. Èmi náà kọ "Ìyáàfin Palmer Tveit", mo sì kọ ti Palmer ọkọ mi sábẹ́ ẹ̀. Mi ò bi í. Mo ti mọ̀ pé àríyànjiyàn ló máa bá mi fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti Borghild gbé orúkọ 168 lọ sí ọ́fíìsì, inú wa ń dùn. Akọ̀wé ibẹ̀, Verna Pudwill, gbé gíláàsì ojú ẹ̀ wọ̀.

"Ta ló kọ Orville Moen yìí?"

Mo na ọrùn wo ibi tó ń nàka sí.

"Ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́ àti ti ìyàwó ẹ̀, Gunda. Mi ò fọ́jú o." Ó fagi lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ ẹ̀ mà ni!"

"Ọkọ ẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ síwèé fún ẹlòmíì, ì báà ṣe ọkọ, ì báà ṣe ìyá. 'Ìyáàfin Orville' yìí náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn olùdìbò. Hazel ló wà níbẹ̀. Ìwọ wá búra nísàlẹ̀ ìwé yìí pé gbogbo wọn kọ ọ́ lójú ẹ. Ṣó o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyẹn?"

Orúkọ mọ́kànlélógójì ló fagi lé. Ó ku 127.

Mo rò pé Borghild máa gbá mi létí. Ó kàn ní, "Ẹni mẹ́tàlélógún la ń wá. Lọ wọ bàtà òjò ẹ."

Verna fún wa ní ìwé tuntun. "Kí kálukú fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ tó fi ń dìbò, lójú yín, kó kọ àdírẹ́sì àti ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀."

Hazel la kọ́kọ́ lọ bá. Bírò dúró lọ́wọ́ ẹ̀. "Hazel? Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ."

"Kọ ọ́ jàre, àkókò ń lọ!"

Ó kọ ọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò wa rì sẹ́rẹ̀ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nígbà tó di aago mẹ́ta, ó ku ẹni méjì péré. Ó wá di dandan kí n lọ bá Palmer. Inú ilé màlúù ni mo bá a, ó ń gbẹ̀bí màlúù. Mo rò gbogbo ẹjọ́ mi fún un.

"O kọ orúkọ mi láì bi mí?"

"Mo rò pé o máa ní rárá ni."

"Èmi tí omi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé lọ lọ́dún tó kọjá? Inú ń bí mi o, Gunda. Kì í ṣe sí Borghild. Ìwọ lo sọ mí di ẹni tí kò lẹ́nu nínú ilé ara ẹ̀."

Ojú tì mí, ẹ má purọ́ fún mi pé kò yẹ kó tì mí. Ó fọ ọwọ́ ẹ̀ nínú korobá, ó sì kọ orúkọ ẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan," ni mo wí, "mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí i."

Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wọn ò fagi lé tìẹ ni?"

Háà! Gbogbo eré tí mò ń sá kiri, mo gbàgbé ara mi. Mo gbé ìwé lé ẹ̀yìn màlúù, mo kọ ọ́: Gunda Tveit.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù nígbà tí a dé ọ́fíìsì. Verna yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó pé," ló wí.

Borghild wọlé, ìbò méjìlélọ́gọ́ta ló fi ju ẹni tó bá a díje lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, a lọ wò ó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Pierre, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Akọ̀wé ilé ń pe orúkọ.

"Ìyáàfin Selmer Aasen!"

Borghild ò dáhùn. Ó tún un pè. Ni Borghild bá dìde.

"Selmer ọkọ mi wà lókè níbẹ̀ yẹn láàárín àwọn òǹwòran, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ dáhùn. Borghild Aasen ni wọ́n dìbò fún."

"Borghild Aasen," ni akọ̀wé wí.

"Mo wà níbí."

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wà níbẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n kọ́ afárá wa.

Mo ti darúgbó báyìí, mo ṣì ń rí àwọn tó ń ṣe bíi tèmi. Tí wọ́n bá gbé irú ìwé yẹn wá bá yín, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá sí nílé, ẹ dúró dè é. Ẹni tó bá sì wà nílé, ẹ bi í, kó fúnra ẹ̀ sọ bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Tó bá jẹ́ ìwọ lo gbé ìwé kiri, má búra sí ohun tí ojú ẹ ò rí. Orúkọ tó o fi ń dìbò, ìwọ fúnra ẹ ni kó o kọ ọ́, kó o sì dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é.