Kíláàsì Ọ̀sán Gangan

"Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ àgbẹ̀," tíṣà wa bi mí níwájú gbogbo kíláàsì, "aago mélòó làwọn òbí ẹ máa ń sá fún oòrùn lóko?"

Ara mi bù máṣọ. Nínú gbogbo ohun tí mo jẹ́ láyé, ọmọ àgbẹ̀ ló rí pè! Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo mọ̀ dájú pé bàbá mi kì í fọwọ́ kan ọkọ́ láti aago méjìlá títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀.

"Ara wa ti mọ́ ọn, mà," ni mo dáhùn. "Oòrùn ò lè ṣe wá ní nǹkan kan."

Ẹyin lohùn. Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè olótùútù kan ló ti lọ kọ́ bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ níta: kí wọ́n fi òkúta ka oǹkà, kí wọ́n wo iṣẹ́ èèrà. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jáde lọ́hùn-ún, torí ìgbà yẹn lara ń móoru díẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó yẹ kóun yí padà níbí, ló ṣe bi mí. Ká ní mo sọ òótọ́ ni, òwúrọ̀ là bá máa jáde. Ó ní kí n máa kó àwọn ọmọ kékeré lọ sí pápá láago méjìlá, inú mi sì dùn bí ẹni jẹ oyè.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ télọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tá à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, fà mí láṣọ.

"Àǹtí, orí ń fọ́ mi."

"Ṣe sùúrù, ó ku díẹ̀."

Kò pẹ́ tó fi ṣubú. Ara rẹ̀ gbóná janjan, kò sì làágùn rárá. Mo pariwo pe tíṣà tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó kù, ó gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé pe gbogbo wa jọ, ó bi tíṣà léèrè ẹni tó ní oòrùn ò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Tíṣà wò mí, ó sì dá ọ̀gá lóhùn pé:

"Èmi ni mo pinnu ẹ̀, sà."

Mo tẹ orí mọ́lẹ̀. Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fòpin sí kíláàsì ìta.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi lè jẹun dáadáa. Níkẹyìn, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn àkísà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀, o dákẹ́."

Kò nà mí, kò ṣépè. Ì bá sàn kó nà mí. Ọmọ náà, tí wọ́n ti gbé bọ̀ láti ilé ìwòsàn, jókòó lórí ẹní, ó ń to bọ́tìnnì. Ẹnu tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí... ṣé... a tún ń... jáde?"

Mo ní rárá. Ó bi mí ìdí rẹ̀, mo ń bá a to bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìwé tí tíṣà kà kò mọ oòrùn wa. Èmi mọ̀ ọ́n, ojú sì tì mí láti sọ. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́, kódà bí gbogbo kíláàsì bá máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ mi ì bá ti tán kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọmọ yẹn ṣì ń di ògiri mú kó tó lè rìn.